Ẹ Yéé Là Wá Lọ́yẹ̀, Ẹ Ṣí Ilẹ̀kùn

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti oṣù kejì ọdún, nígbà tí ẹgbẹ́ kan wá sí gbọ̀ngàn wa láti la àwa akẹ́kọ̀ọ́ lọ́yẹ̀ nípa àìsàn wárápá. Aṣọ aláwọ̀ àlùkò ni gbogbo wọn wọ̀. Wọ́n pín ìwé pélébé, wọ́n pín omi inú ọ̀rá, wọ́n ya fọ́tò. Ọ̀gbẹ́ni tó sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn wá sọ gbólóhùn kan tí gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ sí. Ó ní àìmọ̀kan ló ń pa àwọn ènìyàn wa. Ó ní bí àwọn òbí bá lè fi ilé oníṣègùn sílẹ̀ kí wọ́n gba ilé ìwòsàn lọ, wárápá á di ìtàn.

Èmi ò pàtẹ́wọ́. Mo nawọ́ sókè, wọn ò pè mí. Ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́jọ́ náà ni mo wá kọ síbí.

Àbúrò mi ọkùnrin ní wárápá. Ọmọ ọdún 16 ni báyìí, ọmọ ọdún 9 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún méje rèé tí Màámi ti ń mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìlú ńlá. Láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ fún un pé àìsàn inú ọpọlọ ni, pé kì í ṣe àfiṣe, Màámi ò fún ọmọ náà ní àgbo kankan mọ́. Ó mọ orúkọ oògùn rẹ̀, ó mọ ìwọ̀n rẹ̀, ó mọ wákàtí tó gbọ́dọ̀ mu ún. Ìyá tó ń ta ẹ̀gẹ́ ni o. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ojú rẹ̀ là, ẹ wá sí ilé wa. Síbẹ̀, àbúrò mi ò tíì bọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ìbàràpá ni ilé wa. Ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ ni kílíníìkì àwọn dókítà ọpọlọ ní ilé ìwòsàn yẹn. Bí ọjọ́ náà bá bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi ìjọba, ó di ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ní ọjọ́ kílíníìkì, Màámi á jí ní aago mẹ́ta òru. Wọ́n á gun ọ̀kadà dé gáréèjì, wọ́n á wọ ọkọ̀ lórí ọ̀nà tí gbogbo ará Ìbàràpá mọ bó ṣe rí, wọ́n á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á tún wọ òmíràn. Aago méje ni wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn ti dé, àtẹni tó máa rí dókítà ní aago mẹ́wàá, àtẹni tó máa rí i ní aago méjì ọ̀sán. Wọ́n á tò síbi káàdì, wọ́n á tò síbi ìsanwó, wọ́n á tò dúró de fáìlì. Ìgbà míì, fáìlì á sọnù, wọ́n á ní kí wọ́n lọ ṣí tuntun.

Nígbà tó bá kàn wọ́n, dókítà tó ti rẹ̀, tí ogójì èèyàn ṣì ń dúró dè lẹ́yìn ilẹ̀kùn, á bi wọ́n ní ìbéèrè méjì. "Ṣé ó ń mu oògùn rẹ̀?" "Ó ń mu ún, sà." "Ṣé ó ṣì ń gbé e?" "Ó gbé e lẹ́ẹ̀kan, sà." Ó parí. Ó di oṣù mẹ́rin. Wọ́n á lọ síbi oògùn, wọ́n á gbọ́ pé ó ti tán, kí wọ́n lọ rà á níta. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń padà délé. Owó ọkọ̀ àwọn méjèèjì nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta owó oògùn oṣù kan, ẹni tí ọjà rẹ̀ sì wà ní títì pa látàárọ̀ kò rí nǹkan kan pa lọ́jọ́ náà.

Ní ọdún kejì àìsàn yìí, ọjọ́ tí wọ́n dá fún un bọ́ sí àárín ìyanṣẹ́lódì. Màámi dé ẹnu géètì, wọ́n ní kó máa lọ. Ìwé oògùn ọwọ́ rẹ̀ ti pẹ́, ilé ìtajà oògùn ìlú wa ò sì gbà láti tà á fún un láìsí ìwé tuntun. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọ náà fi wà láìlo oògùn. Ẹni tó bá já oògùn wárápá lójijì, àìsàn náà máa ń padà pẹ̀lú agbára ni, nígbà míì kì í sì í dáwọ́ dúró títí yóò fi pa ènìyàn. Tiwa ò pa á, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹ̀gbẹ́ àdògán ló gbé e sí. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wọ inú iná. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní.

Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìwòsàn padà, nọ́ọ̀sì kan wo ọwọ́ yẹn, ó sì jágbe mọ́ Màámi: "Ẹ̀yin ìyá yìí, ẹ kì í gbọ́ràn. Ta ló ní kí ẹ dá oògùn dúró?"

Àìmọ̀kan tí wọ́n ń wí nìyẹn o.

Ẹ jẹ́ ká wo nǹkan tí ayé ti mọ̀ nípa àìsàn yìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé bí 50 mílíọ̀nù ènìyàn ló ní wárápá káàkiri ayé, àti pé nínú ènìyàn 10, bí 8 ló wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí. Wọ́n ní bí a bá yẹ̀ wọ́n wò dáadáa tí a sì fún wọn ní oògùn tó yẹ, 70 nínú 100 lè wà láyé wọn láìsí pé ó ń gbé wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ní àwọn orílẹ̀-èdè tó tòṣì, mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kì í rí ìtọ́jú tó yẹ gbà. Phenobarbital tí wọ́n ń lò fún un ti wà lọ́wọ́ àwọn dókítà láti ọdún 1912, iye tí wọ́n ń rà á fún ẹnì kan fún odidi ọdún kan sì lè má ju dọ́là 5 lọ. Oògùn tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, tí owó rẹ̀ ò tó owó ọkọ̀ tí Màámi ń wọ̀. Kí ló wá ń dí wa lọ́wọ́?

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú WHO, Nàìjíríà sì wà nínú wọn, fọwọ́ sí ètò kan lórí wárápá àti àwọn àìsàn ọpọlọ yòókù, èyí tí yóò dé ọdún 2031. Ohun tí wọ́n fojú sùn rọrùn láti há sórí: 90, 80, 70. Nínú ènìyàn 100 tó ní wárápá, kí 90 mọ̀ pé àìsàn ọpọlọ tó ṣeé tọ́jú ni. Kí 80 máa rí oògùn tó dára gbà ní iye tí ọwọ́ wọn ká. Nínú àwọn tó sì ń gba ìtọ́jú, kí àìsàn náà rọlẹ̀ lára 70 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ẹ wò ó dáadáa. Àwọn aláṣọ àlùkò wa dúró sórí 90, wọ́n ń jó níbẹ̀ lọ́dọọdún. Ta ló ń bá wa béèrè 80?

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín máa sọ. Ẹ jẹ́ kí n fún wọn ní tiwọn. Òótọ́ ni pé àwọn kan ṣì ń ki ẹsẹ̀ ọmọ tí gìrì gbé bọ iná kó lè jí. Òótọ́ ni pé àwọn kan ṣì ń po ìtọ̀ màlúù mọ́ ewé tábà fún ọmọdé, àwọn dókítà Ìbàdàn sì ti kọ ọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ pé àgbo yẹn máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, pé ó lè pa á. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ gbà pé itọ́ ẹnu ẹni tí wárápá gbé lè ran ẹlòmíì, wọ́n á sì dúró lókèèrè máa wò ó títí iná á fi jó o. Irọ́ gbuu ni. Wárápá kì í ràn. Kí á máa sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ènìyàn dára, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè: kí ló dé tí ìyá tó ti gbọ́ òtítọ́ ṣì máa ń yà sọ́dọ̀ oníṣègùn? Oníṣègùn àdúgbò wa kì í béèrè káàdì. Kì í ṣe ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ló ń gbàlejò. Bí ó bá di òru, wọ́n á kanlẹ̀kùn, á sì dáhùn. Wọ́n lè san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n lè fi àgbàdo san án. Á jókòó, á béèrè bó ṣe bẹ̀rẹ̀, á pe ọmọ lórúkọ, á sì fi èdè tó yé ìyá ṣàlàyé ohun tó rò pé ó fà á. Oògùn rẹ̀ ò lè wo wárápá, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni gba ibẹ̀ lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé gbogbo nǹkan tí aláìsàn ń wá ló wà níbẹ̀, àfi oògùn tó ń ṣiṣẹ́. Oògùn tó ń ṣiṣẹ́ sì wà lẹ́yìn ọ̀nà jíjìn, lẹ́yìn ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, lẹ́yìn ìlà mẹ́ta, lẹ́yìn èdè Gẹ̀ẹ́sì. Tí ẹni tí kò lè dé ibẹ̀ bá wá yà síbi tó sún mọ́ ọn, ẹ má pè é ní òpè. Ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ló mọ ibi tó ti ń ta á.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé kì í ṣe ohun àjèjì ni mò ń béèrè. Ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti ṣe é rí. Ní ọdún 1954, Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, l'Ábẹ́òkúta: dípò kí wọ́n ti àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú mọ́lé, wọ́n ń gbé ní àwọn abúlé tó wà nítòsí, pẹ̀lú ẹbí wọn kan, wọ́n sì ń ti ibẹ̀ lọ gba ìtọ́jú. Ní ọdún 1962, Látúndé Odeku, ọmọ Awẹ́, tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ, dé sí Ìbàdàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ níbẹ̀. Ní ọdún 1963, Yunifásítì Ìbàdàn gbé iṣẹ́ ìlera wá sí Ìbàràpá wa níhìn-ín, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lè máa gbé láàárín àwọn ará ìlú.

Lẹ́yìn náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí Igbó-Ọrà. Ojúlé dé ojúlé ni wọ́n fi ka àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ láàárín bí 19,000 ènìyàn. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1987 sọ pé nínú ènìyàn 1,000, bí 5 ló ní wárápá. Ẹ gbọ́ èyí tó wà nínú rẹ̀ fún wa: kì í ṣe dókítà ọpọlọ ló kọ́kọ́ kan àwọn ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ ló bi àwọn ará ilé ní ìbéèrè, àwọn ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá kàn ni dókítà wá yẹ̀ wò. Nígbà náà, ìmọ̀ ló ń wá àwọn ènìyàn wa lọ sílé. Lónìí, ọmọ Ìbàràpá ló ń jí ní aago mẹ́ta òru láti wá ìmọ̀ lọ.

Ẹ fi 5 nínú 1,000 yẹn ṣírò ara yín. Ìlú tó ní ènìyàn 100,000, bí 500 ni. Ẹ wá bi ara yín pé dókítà ọpọlọ mélòó ló wà níbẹ̀. Àwọn tí a ní, ìlú ńlá ni ọ̀pọ̀ wọn wà, ní ilé ìwòsàn yunifásítì. Ìwé tí WHO gbé jáde ní ọdún 2017 fi hàn pé ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, bí 7 irú àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló wà fún ènìyàn 100,000. Ní àwọn tó tòṣì jùlọ, ẹyọ kan ló wà fún odidi mílíọ̀nù kan.

Ibí yìí ni àwọn kan ti máa ń gbé ohùn sókè pé: "Ṣé o rí i? Dókítà ò sí. Gbogbo wọn ti jápa. Kí lẹ fẹ́ kí ilé ìwòsàn ṣe?" Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Tí dókítà ọpọlọ bá ṣọ̀wọ́n bí ojú, ṣé ó yẹ kí á máa fi í ṣe akọ̀wé tó ń tún ìwé oògùn kọ? Nínú ogójì èèyàn tó tò síta kílíníìkì yẹn, ọ̀pọ̀ ló dà bí àbúrò mi: wọ́n ti mọ àìsàn wọn, wọ́n ti mọ oògùn wọn, ìwé tuntun ni wọ́n wá gbà. Àwọn tó nílò dókítà yẹn gan-an ni ẹni tí wọn ò tíì mọ ohun tó ń ṣe é, ẹni tí oògùn ò ràn, aboyún tó ń lo oògùn wárápá, ọmọ ọwọ́. Àwọn yẹn ló ń dúró fún oṣù púpọ̀ kí wọ́n tó rí ọjọ́ gbà, nítorí pé àwa ti kún ìlà.

Nítorí náà, ohun tí mo rò pé ó yẹ kí á máa pariwo rẹ̀ dípò ìlanilọ́yẹ̀ nìyí.

Àkọ́kọ́, kí ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti rọlẹ̀ máa gba oògùn rẹ̀ ní ilé ìlera alábọ́dé tó sún mọ́ ọn, kó máa rí dókítà ọpọlọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tàbí nígbà tí nǹkan bá yí padà. Láti ọdún 2010 ni WHO ti gbé ìwé atọ́nà jáde fún dókítà àti nọ́ọ̀sì tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ọpọlọ, wárápá sì wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ní nọ́ọ̀sì ò lè ṣe é, ẹ wo Gánà. Láti ọdún 2012 ni WHO ti bá wọn ṣe irú ètò yìí, tí wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìlera kéékèèké lẹ́kọ̀ọ́ láti tọ́jú wárápá. Gánà kì í ṣe Jámánì. Ẹ̀gbẹ́ wa níbí ni.

Ìkejì, kí wọ́n máa kọ wákàtí sí káàdì, kí ó má jẹ́ ọjọ́ nìkan. Ẹni tó máa rí dókítà ní aago kan ọ̀sán, kó wá ní aago méjìlá. Kò gba owó, kò gba ẹ̀rọ. Bírò ló gbà. Ẹni tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá ni kí wọ́n fi sí ọ̀sán, kí ó má baà máa rìn lóru.

Ìkẹta, kí wọ́n kọ oògùn oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan fún ẹni tó bá yẹ, kí wọ́n sì fún un ní lẹ́tà tí ilé ìtajà oògùn ìlú rẹ̀ lè gbà. Phenobarbital wà lára oògùn tí àdéhùn àgbáyé ọdún 1971 ní kí ìjọba máa ṣọ́, ó sì yẹ kí wọ́n ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ṣíṣọ́ oògùn yàtọ̀ sí fífi oògùn du ẹni tó ni ín.

Ìkẹrin, fóònù. Màámi ní fóònù. Gbogbo ẹni tó tò síta yẹn ló ní fóònù, bó tilẹ̀ jẹ́ onítọ́ọ̀ṣì. Tí ìyanṣẹ́lódì bá dé, tí kílíníìkì ò bá ní ṣiṣẹ́, kí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rìn dé géètì. Ìbéèrè méjì tí dókítà máa bi ọmọ náà, ó lè fi fóònù bi í.

Ìkarùn-ún, owó. Òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 sọ pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ wà nínú ètò náà. Òfin ìlera ti ọdún 2014 sì ti ní kí wọ́n máa ya ìdá 1 nínú 100 owó àpapọ̀ ìjọba, ó kéré tán, sọ́tọ̀ fún ìlera ìpìlẹ̀. Ó yẹ kí oògùn wárápá wà lórí àwo ilé ìlera alábọ́dé gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, kí káàdì ètò yẹn sì máa san owó rẹ̀. Ọdún 2023 ni Sanofi, tó ń ṣe Epilim tí ọ̀pọ̀ aláìsàn wa ń lò, kéde pé òun máa kó iṣẹ́ òun kúrò lọ́wọ́ ara òun ní Nàìjíríà, kí òun gbé e fún aṣojú. Ẹni tó bá ń ra oògùn níta mọ ohun tí ojú rí láti ìgbà náà.

Mo ti bá ìjọba wí, mo ti bá ilé ìwòsàn wí. Ó kan àwa náà. Àwa tí a ń kọ́ Yorùbá.

Ọdún tí mo ń dúró de ìgbàwọlé yunifásítì, mo tẹ̀lé Màámi lọ sí kílíníìkì. Dókítà ọ̀dọ́ kan ló rí wa, ọmọ dáadáa ni, Yorùbá sì ni. Ó bi Màámi bóyá "aura" máa ń wá ṣáájú, ó bi í bóyá "generalised" ni àbí "focal". Màámi wo ilẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí à ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, mo ní, "Màámi, kí ló ń ṣe é gan-an tó bá fẹ́ gbé e?" Ó ní, "Ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbọ̀n. Á ní òun ń gbọ́ òórùn nǹkan tó ń jóná. Lẹ́yìn náà ló máa wá mú gbogbo ara." Ọdún mẹ́ta ló ti ń rí i. Kò sí ẹni tó fi èdè tó gbọ́ bi í.

Nígbà tí a padà lọ, mo sọ ọ́ fún dókítà. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní oògùn tó dára fún wárápá tó ń ti ẹ̀gbẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ lè má dára fún oríṣi mìíràn, ó tilẹ̀ lè mú òmíràn burú sí i, nítorí náà ohun tí Màámi rí yẹn ló yẹ kí òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó yí oògùn padà. Èyí tó ń gbé e lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù di ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta. Gbólóhùn Yorùbá kan ló ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ẹ wá gbọ́. Àwọn ènìyàn wa ní èdè fún àìsàn yìí. Wọ́n ní gìrì, wọ́n ní ilẹ̀ tútù, wọ́n ní wárápá, wọn ò sì í lò wọ́n bákan náà. Wọ́n á ní "ó gbé e", "ojú rẹ̀ yí", "ọkàn rẹ̀ lọ, ó ń wo ọ̀kánkán". Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ń lọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ yẹn, tíṣà rẹ̀ rò pé oorun ló ń sùn, ó ń nà án. Wárápá lè máa rí bẹ́ẹ̀. Bí dókítà bá sì ní kí ẹnì kan lọ rí "dókítà ọpọlọ", ìyá á ké pé ọmọ òun kì í ṣe wèrè, ilé ni yóò gbà lọ. Ta ló yẹ kó wá ọ̀rọ̀ tó dáa fún un? Ta ló yẹ kó kọ ìbéèrè mẹ́wàá ní Yorùbá tó já gaara, tí dókítà lè bi ará Ìbàràpá, ará Èkìtì, ará Ìjẹ̀bú, ará Oǹdó, kí ó sì yé wọn? Ẹ̀ka tiwa kọ́?

Lọ́dọọdún, à ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lórí òwe, lórí oríkì, lórí eré orí ìtàgé. Ó dára. Ṣé ẹnì kan ṣoṣo nínú wa ò lè kọ tirẹ̀ lórí bí ìyá ṣe ń ṣàpèjúwe àìsàn ọmọ rẹ̀? Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ wà ní rédíò, ẹ yéé pe àwọn tó ń bú àwọn òbí sórí ètò, ẹ pe àwọn òbí fúnra wọn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní iléeṣẹ́ ìjọba, ẹ béèrè ibi tí oògùn wárápá ìjọba ìbílẹ̀ yín wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń fẹ́ dókítà, ẹ bá a sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ. Àwa tí a ṣì wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, tí a máa ń pe ara wa ní "oníwárápá" tí ẹnì kan bá jó tí kò bá ìlù mu, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín sí i rí, kí àbúrò mi tó bẹ̀rẹ̀.

Ọgbẹ́ni aláṣọ àlùkò, tí ọ̀rọ̀ yìí bá dé etí yín, mi ò bá yín ṣọ̀tá. Ẹ padà wá ní oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀. Àmọ́ kí ẹ tó pín omi inú ọ̀rá, ẹ bá wa gbé ìwé dání lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, kí á jọ béèrè ọjọ́ tí ilé ìlera alábọ́dé wa máa bẹ̀rẹ̀ sí í fún ènìyàn ní oògùn wárápá. Màámi á tẹ̀lé wa. Kò nílò kí ẹ là á lọ́yẹ̀.

Ọjọ́ tó kàn lórí káàdì àbúrò mi bọ́ sí ọjọ́ tí yóò jókòó ṣe ìdánwò Ìṣirò ti WAEC. Màámi ti lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yí i padà. Wọ́n ní kó wá ní ọjọ́ kílíníìkì, kó wá tò.